Dókítà Wo Ni Ká Gbọ́ Tirẹ̀? Ìtàn Oúnjẹ Keto Láti 1863 Títí Di Òní

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí lójú wa nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí. Wọ́n pọ̀ bí eṣú. Púpọ̀ nínú wọn ló wọ aṣọ funfun, tí wọ́n fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ́ ọrùn, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣiyèméjì rí láyé. Èyí ní kí a jẹ ọ̀rá, kí a pa òkèlè tì. Òmíràn ní ẹni tó bá ń jẹ ọ̀rá ń wá ikú ara rẹ̀ ni. Ta ni ká gbọ́?

Ìyá ọ̀kan nínú wa ló fà á. Gbogbo wa la máa ń pè wọ́n ní Màmá, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì jẹ oúnjẹ wọn nínú wa. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sọ fún Màmá pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Oògùn méjì ni wọ́n ń lò: metformin àti glibenclamide. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ọjà wọn fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Dókítà inú fídíò náà ní kí ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ pa iyán, ẹ̀bà, àmàlà àti ìrẹsì tì, kó máa jẹ ẹyin, ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́ àti píà. Màmá gbọ́ràn. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò fi ọwọ́ kan òkèlè. Ṣùgbọ́n wọn kò dá oògùn wọn dúró, wọn kò sì dín in kù, nítorí ẹni inú fídíò kò sọ ohunkóhun nípa oògùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì já gaara mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó tètè po ṣúgà mọ́ omi fún wọn mu. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló ti lọ sílẹ̀ jù.

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, a wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé a kò rí irọ́ kan pàtó nínú rẹ̀. Ohun tí ó sọ nípa òkèlè àti ṣúgà, àwọn dókítà gidi ń sọ ọ́. Ibi tí kò sọ̀rọ̀ dé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí. Nítorí náà, a kò béèrè pé irọ́ ni keto àbí òótọ́ mọ́. A wá padà sí ìtàn, nítorí ìtàn ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ ọ́n tọ pinpin, láti wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń yan ẹni tí wọ́n máa gbọ́ láti bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn.

Kí ni keto gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá jẹ ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì, inú á lọ̀ ọ́ di ṣúgà, ṣúgà náà á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Insulin ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yìí kó lè wọ inú iṣan àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Bí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá wọ́n gidigidi lára fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rá, á sì sọ ọ́ di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ketone. Ọpọlọ pàápàá lè lo ketone dípò ṣúgà. Oúnjẹ tó bá ti ara débẹ̀ ni wọ́n ń pè ní keto: ọ̀rá púpọ̀, amúaradàgbà níwọ̀nba, oúnjẹ afáralókun díẹ̀ péré.

Èyí yàtọ̀ sí àìsàn pàjáwìrì tó máa ń mú ẹni tí kò ní insulin tó lára, níbi tí ketone ti máa ń pọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi kan. Orúkọ méjèèjì jọra ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń kó wọn pọ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní keto tí kò la ìyàtọ̀ yìí, kò tíì ṣetán láti kọ́ni.

Oníṣẹ́ pósí tó kọ lẹ́tà

Ìlú London ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀. William Banting kì í ṣe dókítà. Oníṣẹ́ pósí àti ìsìnkú ni, ilé-iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ló sì ń bójú tó ìsìnkú àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa pé ẹni ọdún 66 ní 1862, ìwọ̀n rẹ̀ ti di 202 pounds, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kúkúrú ni. Kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà rẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ló máa ń fi lọ. Ó ti tọ ọ̀pọ̀ dókítà lọ. Wọ́n ní kó máa wa ọkọ̀ ojú omi, ó wa á, ebi ni ìyẹn dá sí i lára. Wọ́n ní kó máa wẹ ní ilé ìwẹ̀ olóoru, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ìgbà, ìwọ̀nba pounds mẹ́fà ló bá a lọ.

Etí tí kò gbọ́ràn dáadáa ló gbé e dé ọ̀dọ̀ William Harvey, dókítà etí. Harvey ti lọ sí Paris, ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ Claude Bernard nípa ẹ̀dọ̀ àti ṣúgà, ó sì ti ń ro ó lọ́kàn pé oúnjẹ tí kò ní ṣúgà àti ìyẹ̀fun lè ran ẹni tó sanra jù lọ́wọ́. Ó ní kí Banting yẹra fún búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì, ṣúgà, ọtí bíà àti ànàmọ́ òyìnbó. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, pounds 46 ti kúrò lára ọkùnrin yìí. Ní 1863, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan, Letter on Corpulence, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì pín ti àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà tàn kálẹ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìṣe. Ní èdè Sweden títí di òní, “banta” ni wọ́n ń pè é bí ènìyàn bá ń dín ara rẹ̀ kù.

Àwọn dókítà ìgbà náà bínú. Kí ló kan oníṣẹ́ pósí nínú ọ̀rọ̀ ìlera? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mẹ́ta tí Banting ṣe tí a kò gbọdọ̀ fi ojú fò. Ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kò pe ara rẹ̀ ní dókítà. Ó sọ ohun tó jẹ, bó ṣe pọ̀ tó àti bí ara rẹ̀ ṣe ń dín kù. Kò sì ta oògùn kankan fún ẹnikẹ́ni. Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá: ara ẹnì kan ṣoṣo ló fi jẹ́rìí. Ara ẹnì kan kì í ṣe ara gbogbo ayé. Ó pẹ́ láyé, ẹni ọdún 81 ni nígbà tó kú ní 1878, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò sọ pé oúnjẹ yẹn ló fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Àwọn ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi keto dín ara kù lónìí kò mọ̀ pé nítorí wárápá ni wọ́n ṣe dá orúkọ náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ṣàkíyèsí pé bí ẹni tó ní wárápá bá gbààwẹ̀, àìsàn náà máa ń rọlẹ̀. Ní Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, Hugh Conklin ń fi ebi wo àwọn aláìsàn wárápá, nígbà mìíràn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Osteopath ni, àwọn dókítà ìgbà náà kò sì ka irú wọn kún ara wọn. Ó gbà pé májèlé kan láti inú ìfun ló ń fa wárápá. Ìdí tó sọ yẹn kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tó fi ojú rí tọ̀nà: àìsàn náà ń dín kù lára púpọ̀ nínú wọn. Dókítà H. Rawle Geyelin gbọ́ nípa rẹ̀, ó dán an wò fúnra rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ ohun tó rí fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1921.

Ṣùgbọ́n ta ló lè gbààwẹ̀ títí ayé? Ní ọdún 1921 yẹn kan náà, Russell Wilder ní Mayo Clinic dábàá pé oúnjẹ tó kún fún ọ̀rá lè mú ketone wá láìsí pé ènìyàn ń fi ebi pa ara rẹ̀. Òun ló pè é ní ketogenic diet. Mynie Peterman, tí òun náà wà ní Mayo Clinic, wá ṣètò ìwọ̀n rẹ̀ fún àwọn ọmọdé: gíráàmù kan amúaradàgbà fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ọmọ, gíráàmù 10 sí 15 oúnjẹ afáralókun lójúmọ́, kí ìyókù jẹ́ ọ̀rá. Ẹ rí i pé oúnjẹ yìí kì í ṣe “jẹ ẹran bó ṣe wù ọ́.” Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n bí oògùn, dókítà sì ń ṣọ́ ọmọ.

Ní 1938, Merritt àti Putnam fi hàn pé phenytoin lè dá wárápá dúró. Oògùn oníhóró rọrùn ju wíwọ̀n oúnjẹ lọ, nítorí náà oúnjẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìgbàgbé. Ní 1993, wárápá mú Charlie, ọmọ Jim Abrahams tó ń darí fíìmù ní Hollywood, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Wọ́n lo oríṣiríṣi oògùn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ rẹ̀, pàbó ló já sí. Bàbá rẹ̀ ló lọ tú ìwé kiri fúnra rẹ̀ tó fi kan oúnjẹ yìí, ó sì gbé ọmọ lọ sí Johns Hopkins, níbi tí John Freeman àti Millicent Kelly, onímọ̀ oúnjẹ, kò tíì jẹ́ kí ọ̀nà yìí parun. Wárápá náà dúró. Ní 1994, Abrahams dá Charlie Foundation sílẹ̀.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, a ó sọ pé ìtàn ìyanu bàbá kan ni. Kò parí síbẹ̀. Ní 2008, ìwé ìròyìn Lancet Neurology gbé ìwádìí kan jáde láti London. Wọ́n kó ọmọ 145 tí oògùn kò ràn jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà méjì bí ìgbà tí a ṣẹ́ kèké, apá kan bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ náà lójú ẹsẹ̀, apá kejì dúró ná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jẹ ẹ́ ni wárápá wọn ti dín kù ju ìdajì lọ. Ní apá kejì, ìdá 6 péré ni. Níbi yìí ni ẹ̀rí ti kúrò ní “mo gbọ́ pé” tó di “a kà á.”

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níhìn-ín ṣòro gbé mì díẹ̀. Conklin kò ní oyè tí àwọn dókítà ń bọlá fún, síbẹ̀ ó rí ohun tí wọn kò rí. Àwọn dókítà tó ní oyè gbàgbé ohun tó wà nínú ìwé ara wọn. Nítorí náà, oyè nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ohun tó yọ keto kúrò lọ́wọ́ àhesọ ni pé àwọn mìíràn dán an wò, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kà á, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Atkins àti ọjà

Robert Atkins jẹ́ dókítà ọkàn ní New York. Ní 1972, ó gbé Dr. Atkins' Diet Revolution jáde, ìwé náà sì tà ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Ní 1973, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà sì pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó takú. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ẹgbẹ́ méjì fún ọgbọ̀n ọdún, bẹ́ẹ̀ ìwádìí tó lè dá ẹjọ́ náà kò pọ̀ rárá.

Ní oṣù kẹrin 2003, Atkins ṣubú lórí yìnyín, ó fi orí gbálẹ̀, ó sì kú. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, New England Journal of Medicine tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ènìyàn 63 ṣe. Ní oṣù mẹ́fà, àwọn tó tẹ̀lé Atkins ló dín kù jù. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, ìyàtọ̀ tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà kò sí mọ́ láàárín wọn àti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ tí kò lọ́ràá. Ta ló wá jàre? Atkins jàre nínú pé oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe májèlé tí wọ́n pè é. Àwọn tó ń bá a jà náà jàre nínú pé kì í ṣe ìyanu.

Ohun kan tún wà. Ní 1989, Atkins ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ta àfikún oúnjẹ, èyí tó wá di Atkins Nutritionals. Ní 2005, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè débi pé ó ní láti lọ bẹ ilé ẹjọ́ fún ààbò. A kò sọ pé ẹni tó bá ń ta nǹkan òpùrọ́ ni. Ìyá wa ń tajà, a sì ń jẹ níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọlọ́jà kì í pe ọjà rẹ̀ ní kíkorò. Nígbà tí ìmọ̀ràn àti ọjà bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó tọ́ ká wá ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹjọ́ Noakes

Apá tó sún mọ́ tiwa jù lọ nínú ìtàn yìí wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Tim Noakes jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cape Town, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn sì mọ ìwé rẹ̀, Lore of Running, bí ẹni mowó. Nínú ìwé yẹn, ó gba àwọn sárésáré níyànjú pé kí wọ́n jẹ oúnjẹ afáralókun dáadáa. Ní nǹkan bí 2010, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Òun alára ti ní àtọ̀gbẹ irú kejì, ó sì sọ ní gbangba pé ohun tí òun kọ́ àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò tọ̀nà. Ní 2013, ìwé The Real Meal Revolution tí òun àti àwọn mìíràn jọ kọ jáde, oúnjẹ náà sì gba South Africa kan. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀? “Banting.” Oníṣẹ́ pósí London tún jí dìde ní Cape Town.

Ní oṣù kejì 2014, ìyá ọlọ́mọ kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí Twitter bóyá oúnjẹ yìí dára fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú. Noakes dáhùn, ó sì fi kún un pé bí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, tí afáralókun rẹ̀ kéré, ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní South Africa nígbà náà fẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìlera, HPCSA. Ẹjọ́ orí ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí gba ọdún púpọ̀. Ní oṣù kẹrin 2017, wọ́n dá Noakes láre. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún borí ní 2018.

Kò dá nìkan wà nínú irú ẹjọ́ yìí. Ní Sweden, wọ́n fi ẹjọ́ Annika Dahlqvist sùn ní 2005, wọ́n dá a láre ní 2008. Ní Australia, wọ́n ka oúnjẹ léèwọ̀ lẹ́nu Gary Fettke, dókítà egungun, ní 2016, nígbà tó di 2018 wọ́n fagi lé e, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọlẹ́yìn keto fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn mẹ́ta yìí pọ̀: ẹ ò rí i, wọ́n fẹ́ pa òótọ́ lẹ́nu mọ́!

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹjọ́ Noakes dáadáa. Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí wọ́n fi dá a láre ni pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò lè fi hàn pé àjọṣe dókítà àti aláìsàn wà láàárín òun àti ìyá náà. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹni tó dá wa lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tó tilẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kì í ṣe dókítà wa fún ìdí yẹn nìkan. Ohun tó gba Noakes sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ló yẹ kó kọ́ àwa olùwòran lọ́gbọ́n. Kò mọ oògùn tí à ń lò. Kò mọ bí kíndìnrín wa ṣe rí. Bí nǹkan bá yíwọ́, kì í ṣe òun la máa kàn lẹ́nu ọ̀nà ní aago méjì òru.

Ọ̀mọ̀wé, dókítà, àti ẹni inú fóònù

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbi kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni tó gba oyè Ph.D. ní “doctor,” ó ń pe oníṣègùn bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń pe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ tó ní oyè tiwọn. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀mọ̀wé lọ́tọ̀, dókítà lọ́tọ̀. Nítorí náà, nígbàkúgbà tí a bá rí “Dr.” níwájú orúkọ lórí YouTube, a ti ń béèrè pé báwo ni à bá ṣe pe onítọ̀hún ní Yorùbá. Eric Berg, tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ń wò, chiropractor ni, ìyẹn ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa títún eegun ẹ̀yìn ṣe, òun fúnra rẹ̀ sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ken Berry, dókítà ìdílé ni ní Tennessee. Jason Fung ní Canada, dókítà kíndìnrín ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn lábẹ́ “Dr.” kan ṣoṣo. Conklin ti kọ́ wa pé oyè nìkan kò tó láti fi gba ènìyàn gbọ́ tàbí láti fi kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tí onítọ̀hún kọ́. Ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní dókítà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé MDCN, ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ máa tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. A lè béèrè.

Kí wá ni ìwádìí sọ lónìí? Ní 2018, Christopher Gardner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford tẹ̀lé ènìyàn 609 fún ọdún kan gbáko. Àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 sílẹ̀, àwọn tó dín afáralókun kù fi kílò 6.0 sílẹ̀. Ọgba ni wọ́n, bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó. Ní ti àtọ̀gbẹ irú kejì, ẹgbẹ́ onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà gbà ní 2019 pé dídín afáralókun kù jẹ́ ọ̀nà kan tó ṣeé tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn: aboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu kò sí nínú àwọn tí wọ́n ní kó tọ̀ ọ́.

David Unwin, dókítà ìdílé ní Southport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba àmì-ẹ̀yẹ NHS ní 2016 nítorí iṣẹ́ yìí, ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn jù. Ní 2019, òun àti àwọn mìíràn kọ ìtọ́sọ́nà kan fún àwọn dókítà, àkòrí rẹ̀ sì ni bí wọ́n ṣe máa yí oògùn àtọ̀gbẹ padà fún ẹni tó bá fẹ́ dín afáralókun kù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n dín insulin àti àwọn oògùn bíi glibenclamide kù tàbí kí wọ́n dá wọn dúró, nítorí glibenclamide máa ń fi agbára lé insulin jáde, yálà ènìyàn jẹ ẹ̀bà tàbí kò jẹ ẹ̀bà. Ó tún kìlọ̀ nípa àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní SGLT2, nítorí pẹ̀lú wọn, ẹ̀jẹ̀ lè kan láìjẹ́ pé ṣúgà ga. Metformin kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kà á, ọ̀kan nínú wa gbé ìwé sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀.

Ìlò àti èèwọ̀

Àwọn baba wa kì í fún ènìyàn ní oògùn lásán. Oníṣègùn á sọ ìlò rẹ̀, á sì sọ èèwọ̀ rẹ̀: má fi ohun báyìí jẹ ẹ́, má lò ó bí o bá lóyún. Ẹni tó bá gba oògùn láìbéèrè èèwọ̀, àwọn àgbà á ní kó padà lọ béèrè. Òun ni òṣùwọ̀n tí a mú bọ̀ láti inú ìtàn yìí. Kí a tó gba ọ̀rọ̀ dókítà inú fóònù gbọ́ lórí keto, a ó bi í ní ìbéèrè márùn-ún.

Èkíní: kí ló kọ́, ó ha sọ ọ́ gaara bí Banting ṣe sọ tirẹ̀? Èkejì: kí ló ń tà, ta sì ni ẹlẹ́rìí kejì? Ẹ̀kẹta: ṣé ara rẹ̀ nìkan ló fi ń jẹ́rìí, àbí ìwádìí kan wà tí a lè kà bíi ti àwọn ọmọ 145 yẹn? Ẹ̀kẹrin: ṣé ó ti gbà rí pé òun ṣe àṣìṣe, bí Noakes ṣe gbà? Ẹ̀karùn-ún, tí ó ju gbogbo wọn lọ: ṣé ó sọ èèwọ̀ rẹ̀? Ṣé ó dárúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ ṣe é, ṣé ó ní kí a rí dókítà tiwa kí a tó yí oúnjẹ padà bí a bá ń lo oògùn? Ẹni tí kò bá ní èèwọ̀ lẹ́nu, ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

A fi ìbéèrè karùn-ún yẹn wo fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Màmá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fídíò náà. Èèwọ̀ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Màmá ti padà sí ilé ìwòsàn wọn. A tẹ ìtọ́sọ́nà yẹn sínú ìwé fún wọn mú dání, dókítà wọn sì kà á níwájú wọn. Ó yọ glibenclamide kúrò, ó fi metformin sílẹ̀, ó ní kí wọ́n dín òkèlè kù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà wọn wò láràárọ̀. Àmàlà ti kéré nínú àwo wọn báyìí, ẹ̀fọ́ ló pọ̀. Wọ́n ṣì ń wo fídíò lórí WhatsApp, a kò lè dá ìyẹn dúró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ sí wa, wọ́n sì fi ohùn kún un pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wo eléyìí. N kò gbọ́ kó sọ èèwọ̀ kankan.”